Ọmọ mi tó jẹ́ àfín kò rí pátákó ní yunifásítì, kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Sábó. Àkọ́bí mi ọkùnrin jẹ́ àfín. Ó wọ yunifásítì lọ́dún tó kọjá, Accounting ló ń kà. Èsì sáà àkọ́kọ́ jáde, kárí-ófà mẹ́ta ló gbé wálé, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó mọ̀wé ni láti kékeré. Ó ní òun kì í rí ohun tí wọ́n ń kọ sí pátákó. Olùkọ́ kan ní ọmọ náà gbéraga, pé kì í kí òun tí wọ́n bá pàdé. Nínú ìdánwò kan, ẹni tó ń ṣọ́ wọn gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ní ó ń ṣe jíràáfù, ìyẹn ni pé ó ń na ọrùn wo ìwé ẹlòmíì. Mo ní ká lọ bá ilé ìwé sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ kọ̀. Ó ní tí wọ́n bá mọ̀ pé ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á ní kó lọ ka nǹkan míì. Ṣé àfín tiẹ̀ wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n ṣètò fún? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ọmọ, màmá. Ẹ ó jèrè rẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló so bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, àfín wà lára wọn. Kì í ṣe tìtorí àwọ̀ ara rẹ̀, tìtorí ojú rẹ̀ ni. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, dárúkọ ìríran mọ́ àwọn ohun tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá dín kù lára ènìyàn, òfin náà ń dáàbò bò ó. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 2011, inú òfin yẹn sì ni LASODA ti jáde, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ní Èkó. Àjọ WAEC náà, tó bá ń kéde èsì, a máa ka àwọn àfín mọ́ àwọn olùdánwò tó ní ìpèníjà.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá rẹ̀ yé mi. Ó ti rí i rí, tàbí ó ti gbọ́ ọ rí, pé wọ́n ní kí ọmọ tó mọ̀wé lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ torí pé ara rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un pé kó wo ohun tó wà lórí ìwé báyìí. Ohun tí ilé ìwé mọ̀ nípa ọmọ yín ni pé ó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ mẹ́ta, pé kì í kí ènìyàn, pé wọ́n fura sí i nínú ìdánwò. Kò sí ibi kankan nínú fáìlì náà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ojú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jíjìn. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́. Òfin àpapọ̀ yẹn sọ pé ilé iṣẹ́ tàbí àjọ tó bá ya akàndá sọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà rẹ̀ lè san mílíọ̀nù kan náírà, ẹni tó bá sì dá a ṣe lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Mi ò ní kí ẹ fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o. Kí ọkàn bàbá lè balẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ní ẹgbẹ́ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tó ń ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú ní ibùdó ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ tí kò ríran rárá ń tibẹ̀ wọ yunifásítì. Ṣé ọmọ tó ń ríran, àmọ́ tí kì í rí ọ̀nà jíjìn, ni wọ́n á wá lé kúrò nídìí Accounting?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ojú àfín ṣe rí. Tí ọmọ yín bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ ní ìṣẹ́jú méjì, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Èròjà tó ń mú awọ dúdú, tí àwọn dókítà ń pè ní melanin, wà nínú ojú pẹ̀lú. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, ojú nílò èròjà yìí kó tó lè dàgbà tán. Níbi tí kò bá ti tó, ibi kékeré kan tó wà nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn, èyí tí gbogbo wa fi ń ka lẹ́tà wínníwínní, kì í gbó tán. Àwọn iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ náà kì í gba ọ̀nà tó yẹ kí gbogbo wọn gbà. Ìdí nìyẹn tí awò ojú fi lè ràn án lọ́wọ́, kó má sì lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ lè ra awò olówó gọbọi kí ọmọ ṣì máa sọ pé òun ò rí pátákó. Kò purọ́ fún yín. Ìmọ́lẹ̀ tún ń wọ ojú náà láìsí ohun tó dín in kù, torí náà ẹni tó bá jókòó kọjú sí fèrèsé ní ọ̀sán, funfun báláú ló ń rí. Ohun kan tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni pé kì í ṣe àìsàn tó ń le sí i lọ́dọọdún. Bó ṣe ń ríran lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa rí i, ohun tí ẹ bá sì ṣètò lónìí yóò wúlò títí yóò fi gboyè.

(Àwọn kan á tún ti sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ fà á, pé ẹ rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ẹ lóyún, tàbí pé iyọ̀ tí ọmọ ń jẹ ló ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Láti ara bàbá àti ìyá méjèèjì ni ó ti ń wá. Ó lè wà lára wọn láìhàn, tó bá sì wà lára àwọn méjèèjì, oyún kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ àfín. Iyọ̀ kò mọ nǹkan kan sí i.)

Ó wá ku ijó ojú. Ẹ ti rí i pé ẹyinjú rẹ̀ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, kì í dúró sójú kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jíràáfù yẹn ti wá.

Mo rántí ọmọkùnrin àfín kan tó jókòó sí iwájú tábìlì mi. Mo fún un ní ojú ìwé kan pé kó kà á. Ó gbé e súnmọ́ imú, bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń jó lọ jó bọ̀. Ó yí orí sọ́tùn-ún díẹ̀, ó tún yí i sí i, ó tẹ àgbọ̀n sílẹ̀. Lójijì, ojú náà rọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé geere, kò kọsẹ̀. Mo ní kó gbé orí rẹ̀ síwájú gangan bíi tàwọn yòókù. Ijó tún bẹ̀rẹ̀, ìlà tó ń kà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń fi ìka wá a kiri.

Ọ̀pọ̀ àfín ló ní irú apá bẹ́ẹ̀, apá kan tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wo ibẹ̀, ojú á sinmi. Tí apá náà bá jẹ́ òsì, ó ní láti yí orí sọ́tùn-ún kí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ lè bọ́ sí òsì ojú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò dúró lẹ́yìn, ó rí orí tó yí sí ìwé ẹnìkejì, ó ní jíràáfù nìyí. Mi ò bá a jà. Ohun tó rí ló sọ, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò lè ka ìwé ara rẹ̀ àfi tó bá kan imú, báwo ló ṣe fẹ́ ka ti ẹni tó jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí i?

Ọ̀rọ̀ ìkíni náà bá èyí tan. Láàárín àwa Yorùbá, ọmọ tó rí àgbà tó sì kọjá láìkí i, ilé rẹ̀ ni a ń bú. Ọmọ yín ò rí àgbà náà ni. Tí olùkọ́ bá wà lókèèrè, ohun tó ń rí ni ènìyàn kan tó wọ aṣọ búlúù. Ìgbà tí ẹni náà bá súnmọ́ ọn tán ni ojú, imú, ẹnu tó yọ. Ẹ jẹ́ kó lọ bá olùkọ́ náà ní ọ́fíìsì kó tó fi lẹ́tà kankan sílẹ̀. Kó dọ̀bálẹ̀, kó ní: “Ẹ má bínú sà. Ènìyàn tó bá wà níbi ilẹ̀kùn yẹn, mi ò lè mọ ẹni tí í ṣe. Tí ẹ bá rí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí lórúkọ, n ó mọ ohùn yín.” Mi ò tíì rí àgbà tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò rọ̀. Kí òun náà fi kọ́ra pé ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ lọ́nà, òun á ti “Ẹ káàsán” sílẹ̀ dè é. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ ló kí, ẹni tó ń gbálẹ̀ náà yẹ ní kíkí.

Ní báyìí, ìwé dókítà. Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣe é kù. Wọ́n á gba ìwé ìlà kan tó sọ pé “akẹ́kọ̀ọ́ yìí jẹ́ àfín.” Gbogbo ẹni tó bá wo ọmọ náà ti mọ ìyẹn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà ní Ìkòròdú, ẹ bèèrè ẹ̀ka ojú, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ àyẹ̀wò ìríran tó kéré, kì í ṣe ti awò nìkan. Tí wọn kò bá ṣe é níbẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé ràn yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ibùdó ìtọ́jú ojú ńlá kan. Kí dókítà kọ bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń ríran tó pẹ̀lú awò. Wọn á kọ ọ́ bí 6/60 tàbí irú rẹ̀: ìyẹn ni pé ohun tí ẹlòmíì ń rí láti ọgọ́ta mítà, ó di mítà mẹ́fà kí ọmọ yín tó rí i. Àjọ ìlera àgbáyé ní tí ojú tó dára jù kò bá tó 6/18, ìríran ti kéré nìyẹn. Kí dókítà tún kọ bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kó tó lè kà á láìnira, pé ìmọ́lẹ̀ ń ni ojú rẹ̀ lára, pé ojú rẹ̀ ń jó, àti, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé èyí, apá tí ó ń yí orí sí tó bá ń kàwé. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sùn jíràáfù.

Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti bèèrè awò kékeré alọ́wọ́mú kan, èyí tí wọ́n ń gbé sí ojú kan ṣoṣo láti fa ohun tó jìnnà súnmọ́, àti gíláàsì kékeré tí wọ́n ń gbé lé ojú ìwé kó sọ lẹ́tà di ńlá. Ẹ má ra èyíkéyìí ní ẹ̀bá títì kí wọ́n tó yẹ ojú rẹ̀ wò, torí agbára wọn yàtọ̀ síra. Tí ìwé dókítà bá ti wà lọ́wọ́, ẹ gbé ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní LASODA. Òfin àpapọ̀ fúnra rẹ̀ mẹ́nu ba ìwé ẹ̀rí nígbà tó ń ṣàlàyé ẹni tí akàndá í ṣe, torí náà ó dára kó ní ohun tó lè nà síta.

Lẹ́tà. Òun ni kó kọ ọ́, òun ni kó fọwọ́ sí i. Ẹ lè tẹ̀lé e lọ, ẹ lè jókòó tì í, ṣùgbọ́n yunifásítì yàtọ̀ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀. Kó kọ ọ́ sí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní HOD, kó sì fún ẹni tó ń rí sí ìdánwò ní ẹ̀ka náà ní ẹ̀dà kan, kó mú òmíràn lọ sí Student Affairs, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé àwọn gbà á sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ tiyín. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí sáà bá wọlé ni àkókò rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá bá mi nígbà kan rí, àfín ni, ọ̀la ni ìdánwò rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Mo bá a sáré káàkiri. Wọ́n ti tẹ gbogbo ìwé ìdánwò, wọ́n ti dì í, wọ́n ti fi èdìdì dè é, kò sí ẹni tó lè tú u láti fẹ̀ ẹ́ fún un. Kò sí ẹni burúkú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn pẹ́ jù ni. Ó kọ ìdánwò náà bó ṣe lè kọ ọ́, mo sì rí bó ṣe jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi ọwọ́ tẹ iwájú orí. Mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Kí ni kí lẹ́tà náà sọ? Ẹ má jẹ́ kó kọ “mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ yín.” Ẹni tó bá gba irú lẹ́tà yẹn á ṣàánú rẹ̀, á fi sínú fáìlì, ó parí. Kó kọ nǹkan tí ẹnì kan lè dìde lọ ṣe láàárọ̀ ọ̀la.

Nínú kíláàsì, ohun tó ṣe kókó jù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kí olùkọ́ máa sọ ohun tó ń kọ jáde lẹ́nu bó ṣe ń kọ ọ́. Olùkọ́ tó bá ń ní “a gbé èyí wá síbí, a yọ èyí kúrò níbẹ̀” kò rántí pé “èyí” kò ní orúkọ létí ẹni tí kò rí i. Àmọ́ tó bá ní “ẹ kọ ₦45,000 sí apá dẹ́bíìtì”, ọmọ yín ti bá a lọ, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì náà ti jàǹfààní. Máákà dúdú ni kó lò. Pupa àti búlúù tó ti gbẹ, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká pàápàá ń fojú wá a. Kó gba ọmọ náà láyè láti ya fọ́tò pátákó pẹ̀lú fóònù, kó lè fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Kí àyè yìí wà lórí ìwé, torí olùkọ́ míì ti ní kò gbọdọ̀ sí fóònù ní kíláàsì òun. Hándáòtì tí wọ́n fẹ́ pín lórí pépà, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí a tẹ̀, kó má jẹ́ fọ́tò pépà tó ti rún.

Ìjókòó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé iwájú ló yẹ kó wà. Ohun tí wọn kì í mọ̀ ni apá ibi tó yẹ kó jẹ́. Tí ojú rẹ̀ bá ń sinmi nígbà tó bá wo òsì, ọwọ́ ọ̀tún kíláàsì ni kó jókòó sí, kí pátákó lè bọ́ sí òsì rẹ̀. Kò ní í yí orí púpọ̀ mọ́, ọrùn kò sì ní í máa dùn ún tó bá délé. Tó bá jẹ́ ọ̀tún ni ojú ti ń sinmi, kó lọ sí ọwọ́ òsì. Fèrèsé sì gbọdọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Fún Accounting pàápàá, ẹ lè ṣe ohun kan fún un nínú ilé. Wíwo òǹkà tó tò wálẹ̀ lórí ìlà tó há ló ń pa ojú àfín, wọ́n á mú òǹkà ìlà kan kún ti ìlà kejì. Ẹ wá páálí dúdú tó nípọn, ẹ gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín rẹ̀ tó gùn tó ìlà kan, tó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ìlà náà lọ. Tó bá gbé e lé ojú ìwé, ìlà kan ṣoṣo ló máa yọ, dúdú tó yí i ká á sì gba ìtànṣán pépà funfun kúrò lójú rẹ̀. Bó ṣe ń kà ni yóò máa fà á sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi síṣọ́ọ̀sì gé aṣọ lójoojúmọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bírò dúdú tó nípọn, ìwé onílà gbòòrò àti kakulétọ̀ tí òǹkà ojú rẹ̀ tóbi náà á ràn án lọ́wọ́.

Nínú ìdánwò, nǹkan mẹ́rin ni mo máa ń ní kí wọ́n bèèrè. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìdánwò tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ìwọ̀n lẹ́tà tí dókítà bá kọ ni kó bèèrè, bóyá 18, bóyá 24, bí wọ́n ṣe ń yàn án lórí kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ní àwọn á kàn fẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ fọ́tòkópì láti A4 sí A3, kó mọ̀ pé ìdá 141 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ náà ń fẹ̀ ẹ́ dé, lẹ́tà 12 á di bíi 17 péré, pépà náà á sì tóbi ju tábìlì lọ. Ó sàn kí wọ́n tún un tẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Èkejì ni àkókò. Ẹni tó ń fa ojú lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò lè bá àwọn yòókù parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdámẹ́rin àkókò ni wọ́n sábà máa ń fi kún un, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìdánwò wákàtí méjì. Ó tọ́ kí ó bèèrè iye yẹn. Ẹ̀kẹta ni ìjókòó tí iná tàbí fèrèsé kò ti ní í ni ojú rẹ̀ lára, kí àyè sì wà láàárín òun àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìwé kékeré kan tí HOD buwọ́ lù, tí yóò máa gbé sórí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ìdánimọ̀, tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí a máa yí orí, a sì máa gbé ìwé súnmọ́ ojú, pé ìríran rẹ̀ ló fà á. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò lónìí kọ́ ni yóò ṣọ́ ọ lọ́la, ìwé yẹn ni yóò máa ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá dé.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà rọrùn jù, tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Lórí Windows, tó bá di bọ́tìnnì Windows mú tó sì tẹ àmì àròpọ̀, gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ á máa tóbi sí i. Àmọ́ àwọn ètò ìdánwò kan ń dí àwọn bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Kó lọ gbìyànjú rẹ̀ ní yàrá ìdánwò gan-an ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ilé ìkàwé wọn náà lè ṣe ju yíyá ìwé lọ. Òfin àṣẹ-lórí-ìwé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fàyè gba ṣíṣe ìwé ní irú ẹ̀dà tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa lè kà, láìjẹ́ pé wọ́n jí iṣẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Kó lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé dókítà.

Oòrùn ńkọ́? Ẹ mọ èyí jù mí lọ: àkẹtẹ̀, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, ìpara tó ń dí oòrùn, kí òǹkà SPF tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ 30 sókè. Ohun tí ẹ lè máà mọ̀ ni pé òfin ọdún 2018 yẹn ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá akàndá lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Tí wọ́n bá ń to ìlà fún ìforúkọsílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bọ́ síwájú, kó fi ìwé rẹ̀ hàn, kó ṣe tirẹ̀ kó lọ. Òfin kan náà ní kí ilé ìwé fi àwọn akàndá ṣáájú tí wọ́n bá ń pín ilé gbígbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ láti Ìgbógbó ló ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ẹ bèèrè họ́sítẹ́ẹ̀lì nínú lẹ́tà náà. Ọ̀nà Ìkòròdú kò ṣàánú ẹni tí ara rẹ̀ le, ká má tíì sọ àfín tó dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé dáńfó rọrùn fún un ju BRT lọ, torí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo “Kẹ́tú! Kẹ́tú! Máìlì Twelve!” ó gbọ́, ó wọlé. Ara BRT ni wọ́n kọ ibi tó ń lọ sí, tí yóò sì ti kọjá kó tó kà á. Kó máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ náà, kó má tijú.

Kárí-ófà mẹ́ta yẹn kò ní í pa á. Kó má sáré lọ tún wọn kọ kí ètò tuntun tó dúró. Kó fi ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú lẹ́tà, ní ohùn jẹ́jẹ́, kó dárúkọ iṣẹ́ náà àti ọjọ́ rẹ̀, kó so ìwé dókítà mọ́ ọn, láìbú ẹnikẹ́ni. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n pè é sí ìgbìmọ̀ lórí ẹ̀sùn jíjí ìwé wò, ìwé dókítà tó ní ìlà nípa yíyí orí ni kó kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì.

Tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kò bá dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó padà lọ pẹ̀lú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, kó gbé e lọ sí Student Affairs, lẹ́yìn ìyẹn LASODA. Àjọ àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, náà ń gba ẹ̀sùn. Níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀ yẹn. Nígbà tí ohun tí wọ́n bèèrè bá jẹ́ máákà dúdú, ìjókòó àti ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, HOD kì í rí ohun tó fẹ́ bá wọn jà sí.

Lálẹ́ òní, tó bá ti jẹun tán, ẹ fún un ní ìwé kan kó máa kà, kí ẹ jókòó sí iwájú rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ wo apá tí orí rẹ̀ yí sí nígbà tí ẹyinjú náà bá rọlẹ̀. Ẹ pe bàbá rẹ̀ kó wá wò ó pẹ̀lú yín. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá rí ni kí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀.